Ọyẹ́ Kì í Yan Ìka

Ọjọ́ Ajé, 6 Ṣẹ́rẹ́ 2025

Òtútù àárọ̀ yìí kò ṣe é fẹnu sọ. Mo yà ní Kwangila kí n tó kọjá síbi iṣẹ́, mo gbé kosai, àkàrà ilẹ̀ Hausa tí à ń gbé yìí, àti ẹ̀kọ kunu gbígbóná fún Bàbá Kékeré. Ẹ̀gbọ́n mi Àjíṣafẹ́ ni. Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pè é bẹ́ẹ̀ — kò gbọ́dọ̀ gbọ́, orí rẹ̀ á wú jù. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí bàbá wa kú. Òun ló fi ṣọ́ọ̀bù ìjórin rẹ̀ tọ́ mi. Géètì àti irin fèrèsé ló jó títí mo fi jáde yunifásítì, títí wọ́n fi gbà mí síbẹ̀ láti máa tọ́jú àwọn ẹ̀rọ ìwọ̀n.

Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ni mo bá a, ó ń bá bọ́tìnnì ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ jà. Kò rí i dè. Mo wo ọwọ́ náà. Ìka méjì ti funfun — funfun bí ẹfun, láti èékánná dé oríkèé kejì, ìlà sì wà níbi tó ti dúró, àfi bí ẹni pé wọ́n rì wọ́n bọ inú ọ̀dà. Ìyókù ọwọ́ dúdú bó ṣe máa ń rí.

Mo ní kí ló ṣe ìka yín. Ó kì í bọ abíyá. Ó ní ọyẹ́ ni, pé ọyẹ́ tọdún yìí le.

Mo bá a de bọ́tìnnì. Kò wò mí lójú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7 Ṣẹ́rẹ́

Ọyẹ́ kì í yan ìka.

Àlàmísì, 9 Ṣẹ́rẹ́

Mo ti ka ohun tí àwọn dókítà kọ nípa irú ìka bẹ́ẹ̀ tán. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, bóyá mo ṣì í kà. Ẹni tó bá di ẹ̀rọ tó ń gbọ̀n mú lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìgbọ̀n náà á wọ inú ọwọ́. Iṣan ẹ̀jẹ̀ á máa pa dé bí òtútù bá ti fọwọ́ kàn án — ìka á funfun. Iṣan tí a fi ń mọ nǹkan lára á máa kú díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà agbára ìdìmú á lọ. Apá kan rẹ̀ kì í padà wá mọ́.

Ọdún mọ́kànlélógún ni Bàbá Kékeré ti ń di fáìlì mú. Fáìlì ni àwọn jórinjórin ń pe ẹ̀rọ tí òkúta róbótó máa ń yí lórí rẹ̀, tí wọ́n fi ń gé irin, tí wọ́n sì fi ń dán ojú ibi tí wọ́n ti jó o.

Mo lọ bá Bàlíkísù ìyàwó rẹ̀ ní Gyellesu lẹ́yìn iṣẹ́. Ó ń ṣa ìrẹsì. “Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ mi, kí ló dé tí ojú rẹ rí báyìí?” — orúkọ tó fún mi nìyẹn lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e wọlé, kò sì pè mí ní Simbiat rí. Mo béèrè nípa ọwọ́ ọkọ rẹ̀. Ó gbé ìrẹsì náà sílẹ̀. Ó wá sọ fún mi pé ó ti tó ọdún méjì tí òun ti ń yọ egungun kúrò nínú ẹja kí ọkọ òun tó jókòó sídìí oúnjẹ. Ìka rẹ̀ kò mọ egungun yàtọ̀ sí ẹran mọ́. Wọn ò sọ ọ́ láàárín ara wọn rí. Ó kàn ń yọ ọ́, ọkọ rẹ̀ sì kàn ń jẹ ẹ́.

Ó rẹ́rìn-ín nígbà tó sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ó fi etí ìborùn nu ojú.

Jímọ̀, 10 Ṣẹ́rẹ́

Dókítà Oyèdàpọ̀, ọ̀gá wa — Ọ̀gá Súùrù — ló ni kọ́kọ́rọ́ àpótí ẹ̀rọ tí ń wọn ìgbọ̀n. Mo ṣe àlàyé. Kò sọ̀rọ̀ títí mo fi parí, bí ìṣe rẹ̀. Ó ní akẹ́kọ̀ọ́ kan máa nílò rẹ̀ nínú oṣù Èrèlè, nítorí náà kí n dá a padà ní ìparí oṣù yìí. Mo fọwọ́ síwèé. Bí mo ṣe ń jáde, ó pè mí padà.

“Simbiat, ìwọ̀n nìkan ò wo ẹnikẹ́ni sàn o.”

Mo ní mo mọ̀, sà. N kò tíì mọ̀.

Sátidé, 11 Ṣẹ́rẹ́

Mo parọ́. Mo sọ fún Bàbá Kékeré pé iṣẹ́ ìwádìí ẹ̀ka wa ni. Ó ní ṣé fáìlì náà ti di ohun tí wọ́n ń kà ní yunifásítì báyìí. Ó dùn mọ́ ọn. Ó ní kí wọ́n gbá ilẹ̀ fún mi.

Ẹ̀yà ẹ̀rọ tí wọ́n ń so mọ́ ibi ìdìmú kò tóbi ju kúùbù Maggi lọ. Mo fi rọ́bà dè é pinpin. Àwọn mẹ́ta ni wọ́n wà níbẹ̀: Bàbá Kékeré, Málàm Sani tó ti bá a ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àti Dọ̀tun tó ń jó irin. Dọ̀tun yára. Ó yára jù — ibi tó bá jó máa ń wú gọ̀nmùgọ̀nmù bí ojú ilẹ̀ tí ọ̀pọ̀lọ́ sùn sí, àwọn méjì yòókù ni wọ́n sì máa ń fi fáìlì fá a kúrò.

Ìwọ̀n ìgbọ̀n tí ẹ̀rọ kà nìyí. Fáìlì kékeré: mẹ́fà. Ti Sani: mẹ́fà àti díẹ̀. Fáìlì ńlá, tí mo ti sọ ní Alágídí — mẹ́wàá.

Mo rò pé rọ́bà ti tú. Mo tún un dè. Mẹ́wàá.

Mo jókòó sórí báálì ọ̀dà pẹ̀lú aago lọ́wọ́, mo ń ka ìṣẹ́jú tí ọwọ́ fi wà lára ẹ̀rọ ní tòótọ́, kì í ṣe èyí tí wọ́n rò. Bàbá Kékeré ní kò lè ju wákàtí kan lọ lóòjọ́. Wákàtí mẹ́ta ni mo kà. Alágídí ló sì dì mú ní gbogbo rẹ̀, kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án.

Àìkú, 12 Ṣẹ́rẹ́

Ìṣirò. Ọkọ mi gbé àwọn ọmọ lọ sí Hanwa kí ilé lè dákẹ́.

Àwọn ìwé ìlànà sọ pé bí ìgbọ̀n tí ọwọ́ gbà lóòjọ́ bá ti dé méjì àti ààbọ̀, ó yẹ kí ènìyàn wá nǹkan ṣe sí i. Bí ó bá dé márùn-ún, kí wọ́n dáwọ́ dúró lọ́jọ́ náà. Pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń gbọ̀n ní mẹ́wàá, ìdajì wákàtí péré ti gbé ènìyàn dé méjì àti ààbọ̀. Wákàtí méjì ti gbé e dé márùn-ún.

Bàbá Kékeré: mẹ́fà àti díẹ̀. Lóòjọ́. Ọdún mọ́kànlélógún.

Mo ń wo nọ́ńbà náà bí ẹni tó gba lẹ́tà. Owó ilé ìwé mi wà nínú rẹ̀. Bàtà tí mo wọ̀ gba ìwé ẹ̀rí wà nínú rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 13 Ṣẹ́rẹ́

Mo sọ ọ́ fún un, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí mo gbà sọ ọ́ kù díẹ̀ káàtó. Ó yẹ kí n bá a ní ilé. Ìkánjú ò jẹ́. Ṣọ́ọ̀bù ni mo gbé ìwé ìṣirò náà lọ, ojú Sani, ojú Dọ̀tun, ojú oníbàárà kan tó wá gba ilẹ̀kùn. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi, ọwọ́ yín ń kú.

Ó gba ìwé náà, ó wò ó síwá-sẹ́yìn. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. Ó ní, “Ṣé kí n máa fi eyín gé irin ni?” Ó ní ẹ̀rọ tó rán mi nílé ìwé ni mo padà wá bú yẹn. Ó ní kí n gbé agogo mi — ẹ̀rọ ìwọ̀n ló ń pè bẹ́ẹ̀ — kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù òun, kí n má sì gbé e wá mọ́.

Oníbàárà náà ń wo bàtà ara rẹ̀.

Málàm Sani sìn mí dé ibi tí kẹ̀kẹ́ ń dúró. Yorùbá rẹ̀ dára, ó kàn máa ń yà sí Hausa bí ọ̀rọ̀ bá wúwo. Ó wo ẹ̀yìn, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó fi ìka mẹ́ta hàn mí. Ó fi kọ́kọ́rọ́ gún ọ̀kan. Ojú rẹ̀ kò yí padà. “Hannuna ya mutu,” ó ní. Ọwọ́ mi ti kú. Tipẹ́. Ó ní kí n má sọ fún ọ̀gá, nítorí ta ló máa gba ẹni tó ń di fáìlì mú tí ọwọ́ rẹ̀ ti kú?

Nínú kẹ̀kẹ́ ni mo ti sunkún. Awakọ̀ náà ní “sannu, Hajiya” — ẹ pẹ̀lẹ́ — ó sì dín rédíò kù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14 Ṣẹ́rẹ́

N kò lọ síbì kankan. Mo nu ẹ̀rọ náà, mo dá a padà sínú àpótí rẹ̀.

Àlàmísì, 16 Ṣẹ́rẹ́

Bàlíkísù pè mí níbi iṣẹ́. Alágídí já bọ́ lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀ láàárọ̀ yìí bí ó ṣe ń yí lọ́wọ́. Kò mọ̀ pé ọwọ́ òun ti tú. Òkúta náà ya ṣòkòtò rẹ̀ láti itan dé orókún, ó gé wáyà, ó sì dúró. Awọ kò ya. Alhamdulillah, alhamdulillah. Ó ní ọkọ òun jókòó sórí àga láti ìgbà náà, kò jẹun.

Ní ìrọ̀lẹ́ ó tún pè. Ó ní òun jíṣẹ́ tí wọ́n rán òun o: “Sọ fún Simbiat kó gbé agogo rẹ̀ wá.”

Sátidé, 18 Ṣẹ́rẹ́

Ọjọ́ tó dára jù láti ìgbà tí ọdún ti yí.

Kò tọrọ àforíjì, n kò sì retí rẹ̀. Nígbà tí mo dé, ó ti fi aṣọ inujú nu àga kan sílẹ̀ dè mí. Ó ní, “Ó yá, ká tú u wò.”

A tú Alágídí. Béárìn inú rẹ̀ ti jẹ, ó ń mì jẹ̀kẹ̀jẹ̀kẹ̀. Irin pẹlẹbẹ tó ń di òkúta mú ti tẹ̀ — díẹ̀ báyìí ni, ojú lásán kò rí i, ìka Dọ̀tun ló mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ kékeré tí wọ́n ń dè mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ńkọ́? Sani ní wọ́n ti yọ ọ́ ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn torí kì í jẹ́ kó wọ kọ̀rọ̀. Gbogbo wa wo Bàbá Kékeré. Ó wo òrùlé.

Sani lọ ra béárìn àti irin pẹlẹbẹ tuntun. Ọwọ́ ẹ̀gbẹ́ náà wà nínú agolo ìṣó. A tò ó padà. Mo de ẹ̀rọ mi mọ́ ọn. Bàbá Kékeré fúnra rẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́, mo ní kó má fi agbára tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kó jẹ́ kí òkúta ṣe iṣẹ́ òkúta.

Mẹ́fà àti ààbọ̀.

Dọ̀tun pariwo bí ẹni pé wọ́n gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n. Sani ní “Kai!” Bàbá Kékeré kò pariwo. Ó ronú. Ó wá béèrè ohun tí gbogbo ìwé tí mo kà kò béèrè lọ́wọ́ mi: kí ló dé gan-an tí a fi ń fáìlì irin tó báyìí?

Ó rìn lọ síbi ilẹ̀kùn kan tí Dọ̀tun jó lánàá, ó fi àtàǹpàkò tọ ojú ibi tó wú. Dọ̀tun gbọ́ ohun tí wọn kò sọ. Ó bọ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó kọ́ ọ, ó jáde.

Ọjọ́ Ajé, 20 Ṣẹ́rẹ́

Dọ̀tun padà dé, Bàlíkísù ló sọ fún mi. Ojú rẹ̀ wúwo, àmọ́ ó dé. Ó bá iṣẹ́ ńlá nílẹ̀: irin fèrèsé méjìlélógún fún ilé ìwé aládàáni kan ní Hanwa. Alhaja tó ni ilé ìwé náà fẹ́ ẹ ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù yìí, nítorí àwọn òbí ń bọ̀ wá ṣe ìpàdé.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án. Irú iṣẹ́ tó máa ń pa ọwọ́ gan-an nìyẹn. Mo pè é. Bàbá Kékeré ní, “Simbi, fọkàn balẹ̀.” Láti kékeré, bí ó bá ti ní kí n fọkàn balẹ̀, àyà mi ló máa ń já.

Ọjọ́rú, 22 Ṣẹ́rẹ́

Mo yà níbẹ̀ kí n tó relé. Ẹ wo nǹkan!

Ẹ̀rọ ìgérin tó ń dúró lórí tábìlì, tí ó ti wà lábẹ́ tapólì látọdún tó kọjá — wọ́n ti gbé e jáde. Irin á wà lẹ́nu rẹ̀, ènìyàn á kàn fa apá rẹ̀ wálẹ̀. Ọwọ́ ò tún gbọ̀n mọ́. Gbogbo irin ilé ìwé náà ni wọ́n fi gé. Fáìlì ò gé ẹyọ kan.

Dọ̀tun sì wà ní kọ̀rọ̀, Bàbá Kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, irin jánkujànku níwájú wọn. Ẹ̀gbọ́n mi ń kọ́ ọ. Láti àná, Sani ní. Dín iná kù. Má sáré. Gbọ́ ìró rẹ̀ — bí ó bá ń ró bí ẹ̀wà tó ń dín nínú òróró, ó dára. Bí ó bá ń tutọ́, o ti yára jù. Mo dúró wò wọ́n. Ohùn tó fi kọ́ mi ní ìsọdipúpọ̀ nìyẹn gẹ́lẹ́. Dọ̀tun fi àtàǹpàkò tọ ibi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jó. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó rẹ́rìn-ín, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i.

Lára ògiri, ìlà ṣọ́ọ̀kì. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lórí fáìlì, ìlà kan. Ìlà mẹ́rin, ó tán fún ẹni náà lọ́jọ́ yẹn. Sani ló ronú rẹ̀. Èmi ò sí níbẹ̀ rárá. Iṣẹ́ wọn ni. Mo jókòó, mo jẹ gúgúrú wọn.

Sátidé, 25 Ṣẹ́rẹ́

Inú bí mi, mo sì tún ń rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń kọ ọ́.

Mo dé ní ọ̀sán. Ìlà mẹ́ta ló wà lábẹ́ orúkọ Bàbá Kékeré. Ṣùgbọ́n ògiri lókè rẹ̀ ti funfun bí ibi tí wọ́n fi ọwọ́ nù. Òun fúnra rẹ̀ wà lórí Alágídí, ó ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Mo pè é. Kò gbọ́ — tàbí kò fẹ́ gbọ́. Fèrèsé mẹ́jọ ló kù, ọjọ́ mẹ́rin.

Málàm Sani dìde. Ó rìn lọ síbi ògiri, ó sì fa wáyà Alágídí yọ. Ṣọ́ọ̀bù dákẹ́. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, n kò rò pé Sani ti gbé ojú sókè sí i rí.

Sani bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ méjèèjì níwájú rẹ̀. Ó ní ọ̀gá, tèmi ti kú. Mo pa á mọ́ fún yín. Bí ẹ bá ní kí n máa lọ, mo gbà. Ṣùgbọ́n tiyín kò ní kú lójú mi.

Mo rí ojú ẹ̀gbọ́n mi. Ó mú ọwọ́ Sani, ó yí i padà, ó wò ó bí ẹni tó ń wo irin tó fẹ́ rà. Ó ní, “Láti ìgbà wo?” Sani ní ọdún mẹ́ta.

“O sì ń bá mi jẹun nínú àwo kan náà, Sani.”

Ó fúnra rẹ̀ gbé ṣọ́ọ̀kì, ó fa ìlà kẹrin. Ó wá fa ìkarùn-ún àti ìkẹfà, èyí tó nù kúrò. Ó ní ọ̀la, òun kò ní fọwọ́ kan fáìlì. Bí iṣẹ́ Alhaja bá pẹ́, kó pẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 28 Ṣẹ́rẹ́

Mo mú àwọn méjèèjì lọ sí ọsibítù. Dókítà náà jẹ́ obìnrin, kò tíì tó ogójì ọdún, kò sì kánjú. Ó ní kí wọ́n ki ọwọ́ bọ omi tútù, ó wo aago. Ó di ojú wọn, ó fi abẹ́rẹ́ àti òwú kan ìka kọ̀ọ̀kan. Ó ní kí wọ́n mú owó wẹ́wẹ́ kúrò lórí tábìlì. Bàbá Kékeré mú mẹ́rin nínú mẹ́wàá.

Ó sọ ọ́ fún wọn láìfi pa mọ́. Ohun tó ti kú nínú iṣan ìmọ̀lára kò dájú pé yóò padà. Funfun yẹn lè dín kù bí wọ́n bá yé jẹ́ kí ọwọ́ gbọ̀n, bí wọ́n bá ń mú un gbóná. Ó wá ní: “Ẹ dé kó tó gba agbára ọwọ́ yín tán. Ẹni tó bá dé báyìí, ó ṣì lè dá a dúró.”

Sani ní ṣé òun ṣì lè ṣiṣẹ́. Dókítà ní iṣẹ́ wo? Kí Sani tó dáhùn, Bàbá Kékeré ti dáhùn: Sani ni yóò máa wọn irin, tí yóò máa ṣàyẹ̀wò ohun tí Dọ̀tun bá jó. Ojú rẹ̀ mú ju gbogbo wa lọ.

Kẹ̀kẹ́ la wọ̀ padà. Sani sùn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí Sani tó sùn lọ́sàn-án.

Jímọ̀, 31 Ṣẹ́rẹ́

Irin fèrèsé dé Hanwa lánàá, ọjọ́ kan lẹ́yìn ọjọ́ tí wọ́n dá. Alhaja sọ̀rọ̀, ó sọ ọ́ dáadáa. Ó wá fi ọwọ́ pa ojú irin náà, ó tún pa á. Ó ní ta ló jó èyí? Dọ̀tun ni wọ́n nawọ́ sí. Alhaja ní géètì ilé òun ṣì ń dúró de ẹni tó máa ṣe é.

Mo wọn gbogbo rẹ̀ fún ìgbà ìkẹyìn láàárọ̀ yìí. Ìṣẹ́jú àádọ́ta ni Bàbá Kékeré ń lò lórí Alágídí lóòjọ́ báyìí, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láti mẹ́fà àti díẹ̀ — ó di méjì àti díẹ̀.

Mo dá ẹ̀rọ padà fún Ọ̀gá Súùrù. Ó wo ìwé mi fún ìgbà pípẹ́. Ó ní nọ́ńbà yìí kò wálẹ̀ fúnra rẹ̀, kí n kọ ohun tí àwọn ènìyàn náà ṣe sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó ní akẹ́kọ̀ọ́ yẹn á parí ní ọ̀sẹ̀ méjì, tí mo bá tún nílò rẹ̀.

Mo ní rárá, sà, a ti parí.

Sátidé, 1 Èrèlè

A kò tíì parí.

Ẹgbẹ́ àwọn jórinjórin ṣe ìpàdé ní àárọ̀ yìí ní ẹ̀yìn Kwangila, lábẹ́ igi dógóńyárò. Bàbá Kékeré ní kí n wá, kí n bá wọn sọ̀rọ̀. Mo ti kọ ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀ ní Hausa àti Yorùbá, nọ́ńbà ló kún inú rẹ̀. Nǹkan bí ọgbọ̀n ọkùnrin ló wà níbẹ̀. Ọyẹ́ ṣì mú, gbogbo wọn kówọ́ bọ àpò.

Alága ẹgbẹ́, bàbá àgbàlagbà kan tó wọ jákẹ́ẹ̀tì onírun, ṣí ìpàdé. Ó ní àbúrò Àjíṣafẹ́ láti yunifásítì fẹ́ kọ́ wa bí a ṣe ń di fáìlì mú. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo dìde. Bàbá Kékeré di apá mi mú, ó ní kí n jókòó.

Òun ló dìde. Ó yọ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì nínú àpò, ó gbé wọn sókè kí gbogbo wọn rí i. Ìka mẹ́ta ti funfun nínú òtútù náà. Ó sọ ọ́ ní Hausa.

“Ẹ wò ó dáadáa. Mi ò lè de bọ́tìnnì. Mi ò mọ egungun nínú ẹja. Ìyàwó mi ló ń bá mi yọ ọ́, mo sì ń ṣe bí ẹni pé mi ò rí i. Ọdún méjì ni mo fi ń pe èyí ní ọyẹ́. Ta ni ọyẹ́ tún mú níbí?”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Ẹnì kan wúkọ́. Sani gbé tirẹ̀ sókè. Lẹ́yìn náà ọkùnrin kan níwájú yọ ọwọ́ nínú àpò, kò gbé e ga, ó kàn gbé e dé àyà. Ọ̀kan lẹ́yìn. Méjì lápá òsì. Ọ̀kan tí mo mọ̀, tó ń jó tákì omi ní Gyellesu, ó ń sunkún láìdún. Mo ń kà á. Mẹ́wàá. Mẹ́tàlá.

Ìkẹrìndínlógún ni alága. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ tìka-tìka, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ lé orí tábìlì níwájú mi, ó sì béèrè lọ́wọ́ mi, jẹ́jẹ́, ṣé ó ti pẹ́ jù fún òun.

Mo tún gbólóhùn dókítà yẹn sọ: ẹni tó bá dé, ó ṣì lè dá a dúró. Ó mi orí. Ó ní ṣọ́ọ̀bù ta ni a máa kọ́kọ́ wọ.

Mo ti pe Ọ̀gá Súùrù. Ọ̀sẹ̀ méjì. Ọkùnrin mẹ́rìndínlógún, ṣọ́ọ̀bù mọ́kànlá. Dọ̀tun ní òun á máa bá mi gbé àpótí ẹ̀rọ náà, pé òun náà máa kọ́ wọn bí ẹ̀wà ṣe ń dín nínú òróró.